Àbàwọ́n Tí Wọ́n Rí Lára Ẹ̀dọ̀ Mi, àti Ẹni Tó Jókòó Tì Mí

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àtìgbà tí a ti rí ara wa. Èmi Wàsíù ọmọ yín ni mo dọ̀bálẹ̀ láti Awoyaya níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìhà mi ọ̀tún kò tíì gbà kí n fi gbogbo àyà lélẹ̀ bó ṣe yẹ. Mo kí Àǹtí Ràfíátù, ẹ̀gbọ́n mi, torí mo mọ̀ pé àwọn ni wọn yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ bá fẹ́ sọ. Mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Mo kí gbogbo ará agboolé wa ní Ìrágbìjí, àwọn àgbà tó ń gbatẹ́gùn níta, àwọn ìyàwó ilé, àti ẹni tó bá tún wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ kò wá sí mi lọ́kàn. Ó ti rẹ̀ mí. Ọkàn mi kì í fi bẹ́ẹ̀ kó nǹkan jọ mọ́.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò sọ ọ́ lórí fóònù. Mo ti pè, Màámi. Bí mo bá ti dárúkọ ilé ìwòsàn báyìí, ẹ ó bú sẹ́kún, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì já, gbogbo ọ̀rọ̀ á wá dà bí aṣọ tí wọ́n gé tí wọn kò rán. Ẹnì kan sì ti wá sọ fún yín pé orí ilé alájà mẹ́ta ni mo ti já bọ́, pé ìfun mi já. Irọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀. Mo sì ti ní kí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú wa l'Ékòó bá mi tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn wọn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ tú àṣírí ilé wa síta. Ohun tí a sọ nígbà tí Bàbá kú, gbangba la ti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó ti jáde sójú ọjà kò ṣeé dá padà nínú ìyẹ̀wù. Ẹ máa bá mi bọ̀, ẹ ó rí ibi tí mò ń lọ.

Iṣẹ́ mi kò yí padà. Àjà ilé la ṣì ń ṣe, àwọn àjà funfun tí wọ́n ń pè ní pí-ò-pí, tí àwọn olówó máa ń fẹ́ sí pálọ̀ wọn. Òkè la ń wò láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ẹfun á máa kán síni lójú, ọrùn á le gan-an bí igi. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ la ti wà nínú ilé kan ní Igbó Ẹfọ̀n, lẹ́yìn àwọn ọ́fíìsì ńláńlá. Òjò ọdún yìí kò sì jẹ́ kí nǹkan gbẹ. Ohun tí a bá lẹ̀ mọ́ òkè lónìí, a ó bá a lọ́la tó ṣì tutù, a ó wá máa wo ojú ara wa. Onílé á bínú sí ọ̀gá wa, ọ̀gá wa á bínú sí àwa. Ní Awoyaya tí mò ń gbé, omi máa ń wọ àdúgbò wa débi pé ọwọ́ la fi ń gbé bàtà jáde sí títì Ẹ̀pẹ́. Títì ọ̀hún náà, wọ́n ń fọ́ ọ, wọ́n ń tún un ṣe. Eruku lọ́jọ́ oòrùn, ẹrẹ̀ lọ́jọ́ òjò. Bí mo bá délé, agbára àtidáná kì í sí. Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá mi. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí ní orúkọ tí ẹ sọ mí. "Pí-ò-pí" ni gbogbo wọn ń pè mí, àfi bí ẹni pé èmi fúnra mi ni ẹfun.

Bí mo ṣe ṣubú nìyí. A to pákó sórí ọparun láti dúró lé, bí a ṣe máa ń ṣe. Òjò ti rin pákó yẹn gbingbin, mo tẹ̀ ẹ́, ó yọ̀. Kò ga púpọ̀, ṣùgbọ́n orí búlọ́ọ̀kù ni mo fi ìhà bà lé. Èémí kọ̀ láti wọlé. Kọ́lá, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí ìyá tirẹ̀ náà jẹ́ ọmọ Ìrágbìjí, ló gbé mi sínú mọ́tò ọ̀gá, wọ́n sì gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ajah. Ọ̀gá bi mí pé ta lèèyàn mi nítòsí. Mo ní mi ò léèyàn. Kọ́lá ní mo léèyàn, pé àbúrò bàbá mi ń ṣọ́ géètì ní Abraham Adésànyà Estate. Mo ní kó má pè é. Ó fi mí sílẹ̀ lọ síta, ó lọ pè é.

Màámi, ẹ̀ ń gbọ́ mi. Bàbá Làmídì ni mò ń wí.

Nínú ilé ìwòsàn yẹn, wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi skáànù wò mí, irú èyí tí wọ́n máa ń ṣe fún aláboyún, láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń ya nínú. Arákùnrin tó ń ṣe é fi nǹkan tútù kan pa mí níkùn, ó ń bá mi ṣàwàdà pé ọmọ tí mo fẹ́ bí yóò dàgbà. Ó fi ẹ̀rọ náà sí abẹ́ ìhà mi ọ̀tún, ó gbé e kúrò, ó tún dá a padà síbẹ̀. Ó ní kí n mí sínú, kí n dá èémí dúró. Kò ṣàwàdà mọ́. Ó dìde, ó lọ pe dókítà.

Dókítà yìí, obìnrin ni, èèyàn jẹ́jẹ́ tí ohùn rẹ̀ máa ń dà bí ẹni pé òun náà kò sùn. Ó ní ẹ̀jẹ̀ kankan kò ya, egungun ìhà kàn fi ara pa ni, yóò san. Ó wá ní àmọ́ nǹkan mìíràn wà tí ìṣubú kọ́ ló fà á. Ó ní àbàwọ́n kan wà lára ẹ̀dọ̀ mi, kò tóbi ju kóró àgbálùmọ̀ lọ. Mo bi í pé kí ni. Ó ní òun kò mọ̀. Mo ní ẹ̀yin dókítà ni ẹ kò mọ̀? Ó fa àga, ó jókòó. Ó ní ohùn ni ẹ̀rọ yẹn ń rán wọnú ara tó sì ń gbọ́ bó ṣe ń padà. Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi, torí àwa náà máa ń fi ìka kan àjà láti mọ ibi tí kò lẹ̀ mọ́. Ó ní ẹ̀rọ ti sọ fún òun pé nǹkan wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ orúkọ rẹ̀. Ó lè jẹ́ ohun tí kò ní pa mí lára títí ayé. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi.

Ẹ̀jẹ̀ yẹn fi hàn pé àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ wà lára mi. Kì í ṣe ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tí a mọ̀ nílé, tí wọ́n ń se ewé fún. Kòkòrò kan ni, tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, tó lè wà níbẹ̀ láti kékeré láìsọ ohunkóhun, tí yóò kàn máa jẹ ẹ̀dọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí mo jáde síta, Bàbá Làmídì wà lórí bẹ́ńṣì, nínú aṣọ àwọn tó ń ṣọ́ géètì, fìlà rẹ̀ lórí orúnkún. Ó ti gbẹ. Irun rẹ̀ ti funfun tán. Láti ọjọ́ tó ti kúrò ní Ìrágbìjí, n kò fi ojú kàn án rí. Ó dìde fún mi, bí ẹni pé èmi ni àgbà. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Bó ṣe béèrè tán ni ó gbé ojú sílẹ̀, torí ó mọ bí ìbéèrè yẹn ṣe máa ń dún lẹ́nu òun létí ẹni tó bá ti ilé wa wá. Ó jáde, ó lọ ra ìrẹsì àti mọ́ín-mọ́ín. Ó tú u níwájú mi, ó bu nínú rẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. Ó ṣí omi, ó mu nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá tì í sọ́dọ̀ mi. Ẹnikẹ́ni kò ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, Màámi. Ebi ń pa mí, mo jẹ ẹ́.

Ẹni tó bá ń ka ìwé yìí tí kì í ṣe ará ilé wa yóò fẹ́ mọ ohun tó fà á. Bàbá mi ṣàìsàn títí ikùn rẹ̀ fi wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí epo. Ibi gbogbo ni a gbé e dé. Kí àìsàn náà tó dá a dùbúlẹ̀, òun àti Bàbá Làmídì, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, ń jà lórí oko kòkó tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Àwọn àgbà parí ìjà náà, Bàbá Làmídì sì ní kí ẹ̀gbọ́n òun wá jẹun nílé òun. Ó lọ, ó jẹ ẹ̀bà, ó padà sílé. Kò pẹ́ sí i ni àìsàn dé. Nígbà tó kú, kò sẹ́ni tó ṣe ìwádìí kan tó ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní Bàbá Làmídì fi nǹkan sínú ọbẹ̀ ni. Wọ́n ní kó búra, ó búra, wọ́n ní ẹni tó lè pààyàn lè búra. Wọn kò jẹ́ kó dé ibi ìsìnkú. Kí a tó ṣe fídáù ogójì ọjọ́, ó ti kó aya àtọmọ rẹ̀ jáde nílùú. Aya rẹ̀ kò bá a dé Èkó. Obìnrin náà kó ọmọ padà sílé bàbá tirẹ̀. Màámi, ọkọ yín ló kú, ẹ̀yin lẹ sì jókòó tì í títí tó fi kú. N kò dá yín lẹ́bi. Mò ń sọ bó ṣe rí ni.

Dókítà ní kí n lọ síbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán inú ara tó jinlẹ̀, síítì skáànù ni wọ́n ń pè é. Owó rẹ̀ le. Ọ̀gá mi fún mi ní díẹ̀, mo ta jẹnẹrétọ̀ mi, Bàbá Làmídì ló mú ìyókù wá, kò sì sọ ibi tó ti rí i. Òun náà ló bá mi lọ. Wọ́n ní kí n sùn sórí nǹkan kan tó dà bí ibùsùn, ibùsùn náà wá ń wọ inú òrùka ńlá kan, ó ń jáde. Wọ́n fa oògùn sí iṣan apá mi. Ó gbóná láti ọ̀fun dé ìsàlẹ̀, ẹnu mi rí bí ẹnu ẹni tó lá irin, mo rò pé mo ti tọ̀ sára. Wọ́n ní gbogbo èèyàn ló máa ń rò bẹ́ẹ̀. Dókítà ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi tẹ́lẹ̀: bí oògùn yẹn ṣe ń gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá ni ẹ̀rọ á máa yà á. Ó ní ohun búburú a máa tètè mu oògùn náà, a sì tètè pọ̀ ọ́ jáde. Èyí tí kì í pani, tó jẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó lọ́ mọ́ra, a máa mu ún díẹ̀díẹ̀ láti etí wọ àárín, kì í sì í tètè jọ̀wọ́ rẹ̀.

Tèmi kò ṣe èyí, kò ṣe ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni dókítà ṣe sọ ọ́. Ó kéré jù, èémí mi sì ti mì nígbà tí wọ́n ń yà á, etí rẹ̀ kò hàn dáadáa. Ó ní bó bá jẹ́ ẹni tí kò ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ lára ni, òun ì bá ní kí n máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi, òun kò lè fi ojú fò ó. Mo ní kí wọ́n kúkú fi abẹ́rẹ́ bù ú wò. Ó ní bó bá lọ jẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ni, abẹ́rẹ́ lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa ya, kò sídìí láti gún ohun tí a ṣì lè fi ojú wò. Ẹ̀rọ kan ṣì kù.

Kí n tó rí àyè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ yẹn, ó pẹ́. Ìgbà náà ló rẹ̀ mí jù, Màámi. Kì í ṣe pé ara ń ro mí. Àìmọ̀ ni. Mò ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ní kí n máa po ẹfun nílẹ̀, kí n má gun òkè. Mò ń pò ó, màá sì ṣàdédé dúró. Màá máa fi ọwọ́ tẹ abẹ́ ìhà mi bí ẹni pé mo lè gbọ́ nǹkan. Aládùúgbò mi kan gbé àgbo jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ wá fún mi nínú ìgò. Dókítà ti ní kí n má fẹnu kàn án, pé ẹ̀dọ̀ tó ń ṣàìsàn kì í lè ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Mo dá a padà. Lórí ìyẹn nìkan, aládùúgbò náà kò kí mi mọ́.

Bàbá Làmídì ló ń wá. Ọjọ́ tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, yóò wọkọ̀ wá sí Awoyaya, yóò gbálẹ̀ yàrá, yóò fọ aṣọ tí ẹfun ti gan mọ́. Mo ní kó má fọṣọ mi, pé bàbá mi ni. Ó ní kí n jẹ́ kí òun fọ̀ ọ́. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ká wa mọ́lé, ó sọ fún mi bí wọ́n ṣe jọ máa ń gun àpáta ẹ̀yìn ìlú lọ ṣẹ́gi, òun àti bàbá mi, bí bàbá mi ṣe gbé òun sẹ́yìn sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀gún gún òun lẹ́sẹ̀. Ó sọ fún mi pé orí òkúta kan náà, pẹ̀lú abẹ kan náà, ni oníkọlà ti kọ àwọn méjèèjì nílà ní ọjọ́ kan náà. Nígbà náà, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn yóò já mọ́ nǹkan kan.

Ẹ̀rọ kẹta, ẹ́mááráì ni orúkọ rẹ̀, wà ní ọ̀nà Lekki lọ́hùn-ún. Ihò gígùn kan ni. Wọ́n bọ́ gbogbo irin kúrò lára mi, wọ́n fi nǹkan bò mí létí, wọ́n fi bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan sí mi lọ́wọ́ pé bí ẹ̀rù bá bà mí kí n tẹ̀ ẹ́. Ariwo tó wà níbẹ̀, àfi bí ẹni pé àwọn tó ń fọ́ títì Ẹ̀pẹ́ ti kó katakata wọn wọnú ihò náà. Ohùn kan á sọ pé kí n mí sínú, kí n mí síta, kí n dá a dúró. Mò ń dá a dúró, mò ń pe orúkọ Ọlọ́run nínú. Mi ò tẹ bọ́ọ̀lù náà. Bí mo ṣe jáde, Bàbá Làmídì ń ṣe tẹ̀sùbáà nídìí ògiri, ó sì ti gbàgbé láti bọ́ fìlà iṣẹ́ rẹ̀.

Ìgbà tí dókítà pè wá, ó gbé àwòrán náà sórí kọ̀ǹpútà, ó yí i sọ́dọ̀ wa. Ó fi hàn wá bí àbàwọ́n náà ṣe mọ́lẹ̀ láti etí, tó ń kún bọ̀ sí àárín díẹ̀díẹ̀, tó sì dúró síbẹ̀. Ó ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ́ mọ́ra ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n bí i mọ́ mi. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kò ní di jẹjẹrẹ. Ara mi balẹ̀. Ó wá ní àrùn inú ẹ̀jẹ̀ ṣì wà, pé oògùn wà tí n ó máa lò lójoojúmọ́, pé oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni n ó máa wá kí wọ́n fi skáànù wo ẹ̀dọ̀ náà, títí ayé mi. Mo gbà. Ó ní gbogbo ẹni tí a bá jọ jẹ́ ẹ̀jẹ̀ kan náà gbọ́dọ̀ ṣàyẹ̀wò. Bàbá Làmídì rẹ́rìn-ín, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí òun, ṣebí òun wà níbẹ̀.

Àrùn kan náà wà lára rẹ̀. Wọ́n fi skáànù wò ó, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le, ojú ẹ̀dọ̀ náà ti rí págunpàgun, àbàwọ́n sì wà lára tirẹ̀ náà. Àwa tí a ti mọ ọ̀nà tẹ́lẹ̀, a tún gba ọ̀nà kan náà. Èmi ni mo jókòó síta lọ́tẹ̀ yìí. Tirẹ̀ kò mú iyèméjì wá fún dókítà: bí oògùn ṣe wọlé ni àbàwọ́n náà tàn yanran, kí á tó ṣẹ́jú, ó ti ṣókùnkùn ju ibi tó kù lọ. Dókítà ní pẹ̀lú irú ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀, àwòrán yẹn ti tó, wọn kò ní láti gé e wò. Jẹjẹrẹ ni.

Màámi, mo ti ń fẹ́ kọ ibí yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ mi ló ń sá fún un.

Bàbá Làmídì kò sunkún. Ó bi dókítà pé bí wọ́n bá jẹ́ kí irú nǹkan yìí dàgbà láìtọ́jú, báwo ni ara ẹni náà yóò ṣe rí. Dókítà ní ikùn lè wú, ẹsẹ̀ lè wú, ojú lè pọ́n. Ó bi í bóyá oúnjẹ ọjọ́ kan lè fà á. Dókítà ní rárá, ọdún gbọọrọ ló fi ń jẹ ẹ̀dọ̀. Ara ìyá ni kòkòrò náà ti máa ń ran ọmọ nígbà ìbí, tàbí láti ara abẹ kan náà tí wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ ọmọ nílà. Kì í ti inú àwo oúnjẹ ranni. Bàbá Làmídì wá sọ fún un nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Dókítà gbọ́ ọ tán. Ó ní òun kò rí ẹni náà, òun kò lè fi ẹnu ara òun sọ pé ohun báyìí ló pa á, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ yẹn, àìsàn ẹ̀dọ̀ ni ó jọ. Ìgbà yẹn ni Bàbá Làmídì tó sunkún. Ó fi fìlà bojú. Ó ní fún gbogbo ọdún wọ̀nyí, òun fúnra òun ti ń ṣiyèméjì. Ó ní nígbà mìíràn òun máa ń tún gbogbo ohun tó wọnú ọbẹ̀ yẹn rò, ẹ̀fọ́ náà, iyọ̀ náà, ìkòkò náà, pé bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀ tí òun kò mọ̀, pé bóyá òun lòun pa á lóòótọ́.

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá kan ti ìjọba. Wọ́n gba iṣan itan rẹ̀ wọlé, wọ́n dí ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ kókó náà. Dókítà ní ó lè dá a dúró fún ìgbà kan, kò sì ṣèlérí jù bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ẹ́sítéètì ní kó lọ sinmi. Ọ̀dọ̀ mi ló wà báyìí, lórí ibùsùn mi. Èmi wà lórí ẹní. Ó ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Èmi ti padà sórí iṣẹ́, mo sì ti ń gun òkè. Ó ń rẹ̀ mí, Màámi, rírẹ̀ tí oorun kò lè mú lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá délé, ẹnì kan wà tí yóò pè mí ní Wàsíù.

Ẹ̀yin àti Àǹtí, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn tó wà nítòsí yín. Àǹtí, ẹ kó gbogbo àwọn ọmọ lọ. Ẹni tí kò bá ní i, abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún un. Ẹni tó bá ní i, kó má bẹ̀rù, kó má sì dúró de ìgbà tí ikùn bá wú. Èmi ni n ó rán owó rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya àwo tàbí ife ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ nítorí rẹ̀.

Mo sọ fún Bàbá Làmídì pé mo fẹ́ kọ lẹ́tà yìí, àti pé mo fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó ronú sí i, ó gbà. Ó ní àmọ́ kí n má bẹ̀ yín. Ó ní ẹni tí kò ṣẹ̀ kì í tọrọ ìdáríjì, òun kò sì bínú sí yín, torí ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú lójú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ ni kó dúró níbi sàréè ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó ṣe àdúà fún un, kí agbára tó tán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó bi mí, bí ẹni tí kò fẹ́ béèrè, pé ṣé ẹ ṣì rántí orúkọ tí ẹ fún òun nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, torí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. N kò mọ orúkọ náà. Òun ló sọ ọ́ fún mi. Adúmáradán. Ó ní láti ìgbà tí òun ti kúrò nílé, kò sẹ́ni tó pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́.

Bí dókítà bá ti yọ̀ǹda rẹ̀, Sátidé tó bá tẹ̀ lé e la ó wọkọ̀ wálé. Èmi ni n ó dì í lọ́wọ́ mú. N kò bẹ̀ yín, Màámi, torí ó ní kí n má bẹ̀ yín. Mo kàn ń sọ ọ́ fún yín kí ẹ tó rí wa lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ lè ti mọ orúkọ tí ẹ ó pè é.

Ọlọ́run Ọba yóò dá yín sí fún wa. Kò ní jẹ́ kí a fi ojú sunkún ara wa. Yóò fi ọ̀run kẹ́ Bàbá. Ẹ bá mi kí àwọn ìyàwó ilé àti àwọn àgbà, ẹ bá mi fọwọ́ pa àwọn ọmọ Àǹtí lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ́lá ní kí n kí yín. Ẹni tó wà lórí ibùsùn náà kí yín.

Èmi ni ọmọ yín tó ń fojú sọ́nà,
Wàsíù, ní Awoyaya.